Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sá bọ́ sí títì nítorí ajá: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Alábòójútó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìyá kan ní Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́ níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ajá kò gé e jẹ rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti fojú kan ajá, ìbáà jẹ́ èyí tó sùn fọnfọn sábẹ́ tábìlì alápatà, á já ọwọ́ gbà, á sì sá gba ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bá a débi pé ó bọ́ sójú títì. Kò fẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba mọ́, wọn ò sì lè rán an níṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ dá wa lóhùn. Ìtàn "èmi náà nígbà kan" kọ́ là ń wá o. Ohun tí òbí lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí là ń wá.

Olùkọ́_Jẹ́léósinmi
Ẹ̀rù lè pẹ́ kó tó lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú títì kò sì ní dúró dè é. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọmọ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Ẹ ò nílò ajá kankan fún ìyẹn, inú pálọ̀ ti tó.

Eré náà ń jẹ́ "Igi". Bí ẹ bá ti pe "Igi!", kí ọmọ dúró lójú kan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ kó má baà ṣubú. Kó kó ọwọ́ méjèèjì wá síwájú, kí ọ̀kan di ìkejì mú nísàlẹ̀ ìdodo, kí ìka má máa jò kiri. Ojú á wolẹ̀, á máa wo orí bàtà ara rẹ̀. Kó má pariwo. Kó wá máa mí: kó fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka mẹ́ta, kó fẹ́ ẹ síta títí ẹ ó fi ka márùn-ún, bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Ìgbà márùn-ún bẹ́ẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ló nídìí. Ajá a máa lé ohun tó bá ń sá, ì báà jẹ́ adìyẹ, ì báà jẹ́ ọ̀kadà. Ohun tó dúró jẹ́ẹ́ kì í pẹ́ sú u. Apá tó ń jù fìrì-fìrì dà bí ohun ìṣeré lójú rẹ̀. Bí èèyàn bá sì tẹ ojú mọ́ ọn, ìjà ló kà á sí.

Kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ọmọ wá di ajá: kó fi ọwọ́ àti eékún rìn, kó gbó, kó gbóòórùn bàtà ọmọ, kó yí i po, kó wá lọ. Kí ọmọ má ṣí kúrò lójú kan títí "ajá" á fi lọ. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá di ọjọ́ kẹrin, ẹ máa pe "Igi!" lójijì, nígbà tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń bọ́ láti ilé ìwẹ̀, nítorí ojijì náà ni ajá á ṣe yọ sí i.

Ẹ má fi "Má sá!" rọ́pò rẹ̀. "Má sá" kò sọ ohun tí ọmọ máa ṣe fún un. "Igi" sọ ọ́.

Bí ajá bá wá gbé e ṣubú ńkọ́? Ìyẹn ń jẹ́ "Òkúta": kó ká ara jọ, kó fi ojú dolẹ̀, kó so ìka ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sí ìpàkọ́, kí ìgúnwọ́ bo etí. Ẹ fi kọ́ ọ lórí ẹní.

BàbáAdé_Arákalẹ̀
Gbogbo eléyìí ti pọ̀ jù. Ẹ wá ọmọ ajá kékeré kan, ẹ di ajá mú, ẹ fi ọwọ́ ọmọ kàn án. Á sunkún tán, á dákẹ́, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_ÌlerAỌpọlọ
Bàbá Adé, ẹ má bínú sí mi, sà. Ọ̀nà yẹn gan-an ló ń sọ ẹ̀rù kékeré di ńlá. Ọmọ tí wọ́n fi tipá fọwọ́ rẹ̀ kan ajá kọ́ ohun méjì lọ́jọ́ náà: pé ajá burú lóòótọ́, àti pé èèyàn òun fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Ajá tí wọ́n dì mú pàápàá kò ríbi sá lọ, irú wọn ló sì máa ń gé ni jẹ.

Ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1924, Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kékeré kan, Peter, tó ń bẹ̀rù ehoro. Kò gbé ehoro lé e lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ bá ń jẹun, wọ́n á gbé ehoro sínú àgò síbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí Peter fi ń fọwọ́ pa á lára. Ìlànà yẹn náà la ṣì ń lò.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n ìka. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò ní na ìka kankan. Bó bá fẹ́ sá, bí ọkàn bá ń lù kì-kì-kì, ìka mẹ́wàá ni. Ẹ máa bi í pé "Ìka mélòó?" ní bíi ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ibi tí ó ti ń na mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Bó bá di mẹ́jọ, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ bíi márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sílé. Ẹ dúró níbẹ̀ títí á fi bọ́ sí méjì tàbí mẹ́ta.

Dídúró yìí ni oògùn náà gan-an. Bí ẹ bá gbé e sá nígbà tí ìka ṣì wà ní mẹ́sàn-án, ara á fúyẹ́ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé sísá ló gba òun là. Lọ́jọ́ kejì, ìka mẹ́wàá ló máa fi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe máa tò ó fún ọmọ Òkè-Àró yìí nìyí. Ẹ fi àwòrán ajá bẹ̀rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ ya ọ̀kan, kó sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ìró ajá tó ń gbó lórí fóònù, kí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré bí ohùn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kó tó máa lọ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ajá gidi, ẹ má sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jẹ́ ti ìgboro. Ẹ wá ilé kan tó ní ajá lẹ́yìn géètì onírin tí èèyàn lè rí inú rẹ̀, irú wọn wà ní Alágbàká. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ dúró ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ àgbà sí géètì. Lọ́jọ́ mìíràn, ogún. Lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà márùn-ún. Ẹ má fò. Ibì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rọrùn fún un lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù á ti hù padà.

Ẹ lè fún un ní gúgúrú àti ẹ̀pà kó máa jẹ níbẹ̀ bíi ti Peter, bí ajá bá wà lẹ́yìn géètì nìkan o. Níbi tí ajá ti ń rìn káàkiri, òórùn oúnjẹ lẹ́ ń fi pè é yẹn.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ, ọ̀dọ̀ àwa àgbà ló ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni "Kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan." Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ọmọ á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Ajá aláwọ̀ pupa ni. Ó dùbúlẹ̀. À ń gba ọ̀tún kọjá." Ó tán. Ìkejì ni ọwọ́ ìyá. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń bẹ̀rù ajá, ẹ ó fún ọwọ́ ọmọ pọ̀ láìmọ̀, ọmọ á sì gbọ́ èdè yẹn ju ti ẹnu yín lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn mú un lọ. Ìkẹta, ẹ bẹ màmá àgbà àti gbogbo àwọn àǹtí ilé kí wọ́n jáwọ́ nínú "Bí o ò bá jẹun, màá pe ajá wá." Ẹ ò lè máa fi ajá dẹ́rù bà á nínú ilé, kí ẹ wá ní kó má bẹ̀rù rẹ̀ níta.

Dókítà_Ẹranko_Oǹdó
Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì pé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni "béèrè lọ́wọ́ olówó ajá kí o tó fọwọ́ kàn án." Ó dára, ṣùgbọ́n ajá tó pọ̀ jù ní ìgboro wa kò lókùn lọ́rùn, ẹ ò sì ní rí olówó rẹ̀ nítòsí. Nítorí náà, kí ọmọ mọ ojú ajá kà fúnra rẹ̀.

Ìrù ló ń tan èèyàn jẹ jù. Gbogbo ajá tó ń ju ìrù kọ́ ló ń ṣeré. Èyí tó ń ju ìrù gbòòrò, tí ìdí rẹ̀ ń bá ìrù lọ, tí ara rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ń kí ni. Èyí tí ìrù rẹ̀ nà sókè gan-an bí igi, tó kàn ń gbọ̀n lórí, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, tó dúró gbagidi, ẹ yẹra fún un. Èyí tó ki ìrù bọ àárín itan, tó ń lá ètè, tó ń yán láìṣe pé oorun ń kùn ún, tí funfun ojú rẹ̀ hàn, ẹ̀rù ló ń bà á, ajá tí ẹ̀rù ń bà sì lè gé ni jẹ. Ọ̀rọ̀ pé ajá tó ń gbó kì í gé ni jẹ, ẹ má fi kọ́ ọmọ. Irọ́ ni.

Àwọn tí a kì í sún mọ́ rárá, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ajá ilé ẹni: èyí tó ń jẹun tàbí tó ń jẹ eegun, èyí tó ń sùn, abiyamọ, àti èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí akọ ajá mẹ́rin márùn-ún tó tò tẹ̀ lé abo kan, ẹ gba ọ̀nà mìíràn. Abo náà ń wá akọ ni, ó sì máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Àwọn akọ á máa bá ara wọn jà, ẹni tó bá wà láàárín á fara gbá a.

Èyí kan wà fún àwa ará Oǹdó. Ẹ má mú ọmọ lọ kọ́ ìgboyà níbi tí wọ́n ti so ajá mọ́lẹ̀ fún lókìlì, ìyẹn ẹran ajá, tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ fi bọ Ògún. Wọ́n ti so ajá yẹn mọ́ àyè tí kò mọ̀, ebi ń pa á, ẹ̀rù ń bà á, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ rí. Kò sí ajá tó burú ju ìyẹn lọ fún ẹ̀kọ́.

ÌyáBọ̀dé
Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ mú òkúta ńkọ́? Ajá ìgboro a máa sá.

Dókítà_Ẹranko_Oǹdó
Ó máa ń sá lóòótọ́, Mà, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ lókò rí. Àgbà lè lò ó bí ọ̀ràn bá le. Ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ bá ẹnu ajá dọ́gba nìyẹn. Àwọn ọmọdé tó sì ń sọ ajá lókò ní gbogbo ìgbà ló ń sọ ajá àdúgbò di ajá tó ń gé àwọn ọmọ mìíràn jẹ.

Abú_Sùmáyà
Ẹ kú àlàyé o. Ìbéèrè tèmi kúrú. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí a fi ń kírun. Ṣé dandan ni kí ọmọ fọwọ́ kan ajá kí ẹ̀rù tó lọ?

Nọ́ọ̀sì_ÌlerAỌpọlọ
Rárá, sà. Ohun tí ìyá yìí béèrè ni pé kí ọmọ lè kọjá lọ́nà láìsá. Bó bá lè bá ajá kọjá ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú ìka méjì, iṣẹ́ ti parí. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kò sẹ́ni tó máa ní kó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

OníAjá_Alágbàká
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi tí ẹ ti ń wá ajá. Ẹ má mú ọmọ ajá. Ọmọ ajá ń fò mọ́ni, ó ń fi eyín ṣeré, eyín rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Àgbà ajá tó ti lé ní ọdún mẹ́ta ni kí ẹ wá, èyí tó máa ń dùbúlẹ̀ bí wọ́n bá ní kó dùbúlẹ̀. Ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀, kí ọdún kan má tíì kọjá lórí rẹ̀. Kí olówó rẹ̀ kọ́kọ́ mú un rìn fún ìdajì wákàtí kó lè rẹ̀ ẹ́. Okùn ọrùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, ẹ má sì lo èyí tó ń nà tó ń sún kì.

Nígbà tí ọmọ bá ti kúrò ní ti géètì, ẹ má kọjú ajá sí i. Kí gbogbo yín jọ máa rìn lọ sí ọ̀nà kan náà. Ajá àti olówó rẹ̀ wà lápá òsì, ọmọ àti òbí wà lápá ọ̀tún, kí àlàfo ìṣísẹ̀ mẹ́wàá wà láàárín. Ẹni tó bá ń rìn kì í ráyè ro nǹkan púpọ̀, ìdí ajá ló sì ń rí, kì í ṣe eyín rẹ̀. Ẹ máa dín àlàfo náà kù bí ìka bá ṣe ń wálẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ti tó. Bí ajá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀ tàbí tó ń yán, ó ti sú òun náà nìyẹn. Ẹ mú un lọ sílé.

Kí ajá má jẹ́ ẹyọ kan o. Ọmọ tó mọ ajá dúdú ilé mi dáadáa á ṣì sá fún funfun ti aládùúgbò. Ẹ wá mẹ́ta tí àwọ̀ àti títóbi wọn kò jọra.

Àwa olówó ajá náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yé pariwo "Kì í gé ni jẹ!" láti òkèèrè bí ọmọ ẹlẹ́ni bá ń gbọ̀n. Ẹ pe ajá yín.

BàbáAdé_Arákalẹ̀
Mo gbà. Bó bá wá gé e jẹ lóòótọ́ ńkọ́? Bàbá wa máa ń fi epo pupa àti irun ajá náà sí i.

Dókítà_Ẹranko_Oǹdó
Ẹ má fi irun sí i, ẹ má fi epo, kẹrosíìnì tàbí ata sí i. Omi àti ọṣẹ ni. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, tàbí kí ẹnì kan máa fi kẹ́tùrù dà á, kí ẹ máa fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ ló ń dáwọ́ dúró ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ pé ó kàn ha á lára díẹ̀ ni.

Àrùn dìgbòlugi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń dènà rẹ̀ bí ẹ bá tètè gbà á. Ìlànà kan tó wọ́pọ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ 0, lẹ́yìn náà ọjọ́ 3, 7, 14 àti 28. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ béèrè nípa immunoglobulin, ìyẹn oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn náà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n ń gún sí ojú egbò, kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ẹ má dá abẹ́rẹ́ dúró láàárín nítorí pé egbò ti jiná.

Ẹ má sì lu ajá náà pa. Bó bá ní olówó, ẹ so ó, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá wà láàyè láìsí àmì àìsàn títí ọjọ́ 10 fi pé, kò ní àrùn náà nínú itọ́ lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ. Ajá tí ẹ ti pa kò lè jẹ́rìí yẹn fún yín.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ ò ní bá wọn wí bí wọ́n bá wá sọ. Ọmọ tó lọ síbi tí wọ́n ní kó má lọ á fi ojú egbò pamọ́.

Nọ́ọ̀sì_ÌlerAỌpọlọ
Ìgbà tó yẹ kí ẹ wá onímọ̀: bí ẹ̀rù náà bá ti lé ní oṣù mẹ́fà tó sì ń dí i lọ́wọ́ ilé ìwé tàbí oorun, tàbí tí ó ń bì tàbí mí gúle-gúle bó bá gbọ́ gbígbó nìkan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Oǹdó; ó wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Irú ìtọ́jú kan wà tí Lars-Göran Öst ará Sweden gbé jáde lọ́dún 1989, tí wọ́n ń ṣe gbogbo ìpele wọ̀nyí ní ìjókòó kan ṣoṣo tí kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ. Kì í ṣe ohun tí òbí lè dá ṣe nílé o.

ÌyáBọ̀dé
Ìbéèrè tó kù sí mi lọ́kàn: bó bá ń ti ilé ìwé bọ̀, tí ajá kàn ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láìgbó?

Olùkọ́_Jẹ́léósinmi
Kó má yára. Bó bá yára, ajá náà á yára. Kó dúró, kó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kó má kọjú sí i tààrà, kó ṣe igi. Bí ajá bá gbóòórùn rẹ̀ tó lọ, kó ka ogún kó tó máa rìn lọ, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí títì wà ní òdìkejì. Bí ajá kò bá lọ, kó máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tó súnmọ́ jù. Ẹ ti gbọ́dọ̀ bá a rin ọ̀nà náà ṣáájú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta hàn án tó lè wọ̀, kí ẹ sì bá àwọn tó ni ín sọ̀rọ̀.

Báàgì ìwé rẹ̀, kó gbé e wá sí àyà. Bí ajá bá fi eyín mú un, kó jù ú sílẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un nílé ṣáájú pé ẹ ò ní nà án nítorí báàgì, nítorí ọmọ tó ń bẹ̀rù ẹgba á fa báàgì náà mọ́ ajá lọ́wọ́.